Ta Ló Ń Fa Ọ́ìlì Gíà Sànúsí?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Sànúsí Àrẹ̀mú jẹ́, ẹ wo bó ṣe ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn awakọ̀ yòókù ní gáréèjì Ìlá-Ọ̀ràngún á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n á wá ibi tí oúnjẹ wà lọ. Sànúsí kò ní kúrò níbẹ̀. Á yí ọkọ̀ po, á fọwọ́ ti táyà kọ̀ọ̀kan wò, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, á wá fa ẹfun yọ nínú àpò, á fi fa ìlà tínrín sára ìdérí táǹkì epo, kó lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Lẹ́yìn náà ni yóò tó máa lọ. Bó bá rìn dé ìdajì ọ̀nà, á tún padà wá wò ó bóyá ìlà ọ̀hún ṣì wà. Àsíátù ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ká ní òun mọ̀ pé ọkọ̀ ni yóò jẹ́ ìyáálé òun, télọ̀ ni òun ì bá fẹ́.

Bọ́lẹ́kájà ni ọkọ̀ náà, irú èyí tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni irin, tí gbogbo ara rẹ̀ tó kù jẹ́ pákó. Ó ti dàgbà kí Sànúsí tó rà á lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Òṣogbo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1985, àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Ṣùgbọ́n eléyìí ṣì ń lọ. Ẹ kó iṣu kún un, kí obì wà lórí iṣu, kí àwọn olóko jókòó lórí obì, á gun òkè ọ̀nà Òkè-Ìlá, gíà rẹ̀ á máa ráhùn bí ìyá àgbà tí wọ́n jí lójú oorun, kò sì ní dúró. "Ìfura loògùn àgbà" ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Sànúsí ló ní kí wọ́n kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ́mọdé ní kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé Gánà ló bà á jẹ́. Kùmásí ló ti ń ta abọ́ tánganran nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àlejò. Kò ráyè ta ọjà rẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ ti ọ̀rẹ́ kan, ọmọ ibẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, pé kó bá òun tà á, kó sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ náà sunkún nígbà tí wọ́n ń pínyà. Ẹkún yẹn ni Sànúsí rí gbà kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, á kọ́kọ́ ro ohun tí onítọ̀hún ń wá. Bí lèmọ́mù bá ń wàásù nípa olè, á wo ọ̀tún, á wo òsì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀. Babáyẹmí mẹkáníìkì ni, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi ìyeyè ní ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́sáláṣí, ìkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì jà sí i rí. Iléyá ò lè dé kí itan àgbò má dé ilé Babáyẹmí, Kérésì ò sì lè dé kí ìrẹsì àti adìyẹ má dé ilé Sànúsí. Babáyẹmí ló mọ gbogbo àìsàn ọkọ̀ náà. Òun nìkan ló lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó wà á lọ, kí Sànúsí sì jókòó sídìí ògiri kó máa gba atẹ́gùn. Ẹni tó bá mọ Sànúsí mọ̀ pé kò sí ìfẹ́ tó jùyẹn lọ.

Òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múlẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbi gíàbọ́ọ̀sì. Babáyẹmí wọ abẹ́ ọkọ̀, ó yọ síìlì ẹ̀yìn, ìyẹn róbà tó ń sé ọ́ìlì mọ́nú níbi tí irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn ti jáde. Ó ti gbó lóòótọ́. Ó fi tuntun sí i. Ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlá, ó bọ̀, abẹ́ rẹ̀ rin gbindin. Babáyẹmí tún wọ abẹ́ lọ. Ó gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun lára páálí líle, ó fi gíríìsì pa á lójú méjèèjì, ó fi dí ẹ̀gbẹ́ gíàbọ́ọ̀sì, ó sì de gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ yípo. Ọkọ̀ lọ, ó bọ̀, ọ́ìlì tún jáde, ibòmíràn ló sì gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ rántí pé ìgbà tí nǹkan wọ́n ni. Ẹni tó bá rí ọ́ìlì gíà gidi rà, ńṣe ló ń gbé e pamọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Babáyẹmí jókòó sórí táyà, ó ń nu ọwọ́.

"Sànú, nǹkan kan ò yé mi. Bí ọkọ̀ yìí bá sùn síbí, kì í jò rárá. Ó di ìgbà tó bá gun òkè tó gbóná kó tó tú ọ́ìlì. Nǹkan kan ló ń tì í láti inú wá. Jẹ́ ká ṣí pákó abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ yẹn, kí n wo orí gíàbọ́ọ̀sì."

Pákó yẹn! Abẹ́ rẹ̀ ni Sànúsí ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí jáàkì rẹ̀ ní Òṣogbo ló ti kàn án ní ìṣó, tó sì pinnu pé ọwọ́ ẹlòmíràn ò ní débẹ̀ mọ́.

"Kí lo fẹ́ wò lókè?" ni Sànúsí béèrè. "Ṣé òkè ni ọ́ìlì ti ń jò ni? Omi kì í ṣàn lọ sókè."

"Mo mọ̀. Ṣáà jẹ́ kí n wò ó."

"Abẹ́ ló ti ń jò. Abẹ́ ni kó o ṣe."

Babáyẹmí rẹ́rìn-ín, ó padà wọ abẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Sànúsí lára. Kí ló kan mẹkáníìkì kan pákó? Abẹ́ ń jò, ó fẹ́ ṣí òkè. Kí ló wà lókè? Irinṣẹ́. Ta ni irinṣẹ́ wúlò fún? Ẹ rí i, ìfura mọ ìṣirò gan-an, ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni kì í dáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ó kọjá níwájú ìsọ̀, ó rí Babáyẹmí tó ń da ọ́ìlì gíà sínú takisí ará Ọ̀tan kan láti inú gálọ́ọ̀nù dúdú. Ọ́ìlì náà ki, ó ń fà bí oyin. Ó jọ èyí tí òun rà, tó ń tán nínú gíàbọ́ọ̀sì òun. Lójú Sànúsí, ó jọ ọ́ jù, bí ẹni pé ọ́ìlì a máa kọ ilà ìdílé sójú.

Ìgbà tó tún gbé ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀, ó ti fi ẹfun fa ìlà sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gíàbọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń tú bí wọ́n bá fẹ́ da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù. Ó ní òun ń lọ kírun ọ̀sán. Ó kírun lóòótọ́, kò purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tó kírun tán, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí níbi tó ti lè rí ìsọ̀ náà, ó ń fa tẹ̀sùbáà, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹsẹ̀ Babáyẹmí tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó yá, Babáyẹmí jáde. Ó gbé ìka tó ti bọ inú ọ́ìlì sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ẹlòmíràn á ní oníṣẹ́ tó ń ro iṣẹ́ rẹ̀ ni. Sànúsí ní olè ni, inú rẹ̀ ló bàjẹ́ pé ọ́ìlì tó kù ò tó jí. Nígbà tó padà débẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, ìlà ẹfun ti parẹ́. Ọ́ìlì tó ń ṣàn ló wẹ̀ ẹ́ nù, ọmọ kékeré á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sànúsí ò fẹ́ mọ̀.

Ó dé ilé, kò lè jẹun. Àsíátù fà á lẹ́nu títí tó fi sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

"Bàbá Rúkáyà, ẹ jọ̀ọ́," ni obìnrin náà wí, "gbogbo ayé kọ́ ni Kùmásí. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní o."

"Ní Kùmásí náà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní."

Àsíátù gbé oúnjẹ náà kúrò níwájú rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló ń ba ọkọ rẹ̀. Ọ́ìlì kọ́ ló ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Bí Babáyẹmí bá lè ja òun lólè, a jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan mọ́ láyé yìí tí òun lè na kọ́kọ́rọ́ sí.

Ọjọ́ ọjà ni nǹkan bàjẹ́. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́, ó ń gun òkè, ọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú gíàbọ́ọ̀sì, ni gíà bá fò jáde lójijì. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bíréèkì ọkọ̀ arúgbó, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Àwọn obìnrin tó wà lórí iṣu figbe ta, àwọn kan fò bọ́ sílẹ̀, iṣu ń yí lọ sínú gọ́tà. Sànúsí darí ìdí ọkọ̀ sára òkìtì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òkìtì náà ló gbà á dúró. Kò sí ẹni tó kú, orúnkún ìyá kan ló bó. Sànúsí sọ̀ kalẹ̀. Dípò kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Babáyẹmí fẹ́ pa mí."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a níwájú Bàbá Oyèwọlé, alága àwọn awakọ̀. Wọ́n ti fa ọkọ̀ náà dé gáréèjì. Ohun tí Sànúsí ń fẹ́ ni kí Babáyẹmí fi irin búra. Ní gáréèjì, Bíbélì ní àyè tirẹ̀, Kùránì ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun nídìí irin, irin ló ń lá bí wọ́n bá fura sí i. Bó bá búra èké, kí ọjọ́ méje tó pé, irin á dá a lẹ́jọ́. Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀, wọn kì í kàn sọ ọ́ létí lèmọ́mù tàbí pásítọ̀.

"Sànúsí, rò ó wò," ni Bàbá Oyèwọlé wí. "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ti irin tún le ju ti kóòtù lọ. Bí ọkùnrin yìí bá jẹ̀bi, o pàdánù rẹ̀. Bí kò bá jẹ̀bi, o pàdánù rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó búra."

Babáyẹmí dé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó rò pé wọ́n pe òun wá ṣe ọkọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó bá òun rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Sànúsí.

"Sànú, èmi?"

"Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ẹ̀rù ò bà mí," ni Babáyẹmí wí. "Ó ń dùn mí ni."

Ó sùn sílẹ̀, ó wọ abẹ́ bọ́lẹ́kájà náà, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ gíàbọ́ọ̀sì, ó mú un jáde. Ó gbé e sórí ahọ́n lójú gbogbo wọn. Ó ní bí òun bá mú ọ́ìlì Sànúsí Àrẹ̀mú, bí òun bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́, kí irin má ṣe fojúure wo òun. Bí òun ò bá sì ṣe é, kí irin jẹ́rìí. Ó tu itọ́ dúdú sílẹ̀. Ó fi nọ́ọ̀tì náà sí àtẹ́lẹwọ́ Sànúsí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka Sànúsí dé lé e.

"Ó tán, àbí ó kù?"

Ó mú sípánà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ méje náà le fún Sànúsí ju fún Babáyẹmí lọ. Àràárọ̀ ló ń wá ọgbọ́n gba iwájú ìsọ̀ kọjá. Ó ń bá Babáyẹmí níbẹ̀, ara rẹ̀ le, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ méje pé, orí kò fọ́ ọ. Ẹ óò rò pé inú Sànúsí á dùn. Rárá o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ọ́ìlì tó bo irin náà ni kò jẹ́ kí ìbúra ràn.

Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú, sọ́dọ̀ Afọlábí, mẹkáníìkì kan tí kò mọ Sànúsí rí. Ohun tí Sànúsí fẹ́ nìyẹn, ó ní ẹni tí kò mọni kò lè dalẹ̀ ẹni. Afọlábí wọ abẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde.

"Bàbá, ta ló ṣe síìlì àti gáskẹ́ẹ̀tì yìí?"

Sànúsí sún mọ́ ọn. "Ó bà á jẹ́, àbí?"

"Ó bà á jẹ́ kẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà mọ́. Èmi gan-an ò lè ṣe é jù báyìí lọ. Kì í ṣe abẹ́ ló ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣí pákó òkè yìí."

Sànúsí yanu láti kọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ara rẹ̀ dé yìí, ta ló tún kù tó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ bá? Ó gba òòlù, ó fa àwọn ìṣó náà yọ fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà fún àjèjì.

Orí gíàbọ́ọ̀sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀dà ni, èyí tí wọ́n ń kùn sí pákó kí ikán àti òjò má bà á jẹ́. Afọlábí fi èékánná họ ọ́.

"Ta ló kun ọ̀dà síbí?"

Sànúsí ni. Lọ́dọọdún, bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ onípákó a máa kun ọ̀dà sí abẹ́ ọkọ̀ wọn. Àwọn yòókù ń gbé tiwọn fún káfíńtà tó mọ ibi tí ọ̀dà ń dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Ní ọdún yìí, nítorí irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀, Sànúsí ò gbà kí káfíńtà kankan sún mọ́ ọn. Ó ṣí pákó náà fúnra rẹ̀, ó kun igi, ó kun irin, ó kun gbogbo ohun tí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá, ó tún kan pákó padà, inú rẹ̀ sì dùn pé kò sí ẹni tó rí òun.

Afọlábí mú wáyà tínrín, ó fi wá ojú ihò kékeré kan lábẹ́ ọ̀dà náà, ó gún un títí ó fi là, ó sì fi kẹrosínì fọ ibẹ̀.

"Ẹ wo ihò yìí. Gíàbọ́ọ̀sì ń mí, bàbá. Bó bá gbóná, ibí ni ooru inú rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ ti dí i nímú. Kò sí síìlì tí wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀ tí ooru ò ní fi ipá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, tí ò sì ní ti ọ́ìlì síwájú." Ó gbójú sókè. "Mẹkáníìkì yín ò sọ pé kẹ́ ẹ ṣí ibí ni?"

"Ó sọ," ni Sànúsí wí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun taṣọ funfun. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí yìí. Wọ́n tún gíà ṣe, wọ́n da ọ́ìlì sí i, ọkọ̀ náà gun gbogbo òkè tó wà lọ́nà padà sí Ìlá, ẹ̀kán ọ́ìlì kan ò bọ́. Sànúsí sunkún lórí ìjókòó awakọ̀.

Ó mú Bàbá Oyèwọlé lọ́wọ́, wọ́n lọ sí ìsọ̀ Babáyẹmí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, àwọn tó ń kọjá lọ ń wò ó. Ó jẹ́wọ́ ọ̀dà, ó jẹ́wọ́ ẹfun, ó jẹ́wọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sáláṣí. Babáyẹmí fà á dìde.

"Dìde, jọ̀ọ́. Mo ti gbọ́. Mo ti dárí jì ọ́. Máa gbé ọkọ̀ rẹ bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Kò purọ́. Ó ti dárí jì í, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Sànúsí fò fẹ̀rẹ̀ délé, ó sọ fún Àsíátù pé ó ti parí. Àsíátù ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì, Sànúsí gbé ọkọ̀ lọ. Babáyẹmí kí i dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ké sí obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní òdìkejì títì.

"Ìyá Fọláyẹmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dúró díẹ̀."

Obìnrin náà wá, kò mọ ohun tí wọ́n pe òun fún. Babáyẹmí ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó to irinṣẹ́ tó fẹ́ lò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, níta gbangba. Ó da ọ́ìlì tó ti gbó sínú abọ́ funfun, ó gbé abọ́ náà síwájú ẹsẹ̀ Sànúsí. Ó fi ẹnu agolo tuntun hàn wọ́n kó tó ṣí i, ó dà á, ó sì dorí agolo kodò títí èyí tó kẹ́yìn fi kán tán. Kò bínú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe é, bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún oníbàárà tuntun.

"Babá," ni Sànúsí wí, "mo ti bẹ̀bẹ̀. Mi ò fura sí ọ mọ́. Kí lo wá ń pe ẹlẹ́rìí sí?"

"Mo mọ̀ pé o ò fura. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ránṣẹ́ kó tó dé. Ọjọ́ tó bá tún dé, mi ò lè lá irin lẹ́ẹ̀kejì."

Ó fi kẹrosínì fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ. Ó wá na méjèèjì sí Sànúsí, ó yí ẹ̀yìn wọn sókè, ó yí inú wọn sókè.

"Wò ó."

"Babá, jọ̀ọ́."

"Wò ó, Sànúsí."

Ìyá Fọláyẹmí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sànúsí wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.